Bí Òbí Bá Ṣe Ọmọ Níkà: Àforíjì, Àdúà àti Orin

Bismillahi Rahmani Rahim. Ọpẹ́ ni fún Allahu, Ọba tí kò bímọ, tí ẹnikẹ́ni kò sì bí I, Ọba Aláforíjì. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

  

Lọ́dọọdún, bí a bá ti wọ ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn ààwẹ̀ báyìí, wáàsí lórí títọ́jú òbí máa ń pọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀tọ́ òbí tóbi lọ́rùn wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ wáàsí náà, ń ṣe ni wọ́n máa ń sọ orí kodò. Òbí tiwọn kò ṣe bí òbí. Àwọn ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, torí pé wọn kì í sábà rí ẹni bá wọn sọ ọ́.

Irú ìbéèrè tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wa rèé: "Ẹ̀yin àlùfáà, wáyà iná ni bàbá mi fi ń nà mí. Bí mo bá mú ẹran láìtọrọ, á fi ata sí mi lójú. Ó tì mí mọ́ta lóru ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ní báyìí mo ti di bàbá ọmọ mẹ́ta. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lu bàbá mi, àwọn ẹbí sì ní kí n gbé e sọ́dọ̀. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù, ara mi á máa gbọ̀n. Ṣé Ọlọ́run á bínú sí mi bí mo bá ní mi ò ṣe?"

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Bí a bá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé bàbá ni bàbá ń jẹ́, kó lọ dọ̀bálẹ̀, a ò tíì dá a lóhùn. Bí a bá sì ní kó kọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, a ti tì í rú òfin Ọlọ́run. Ìdáhùn tí Ìsìláàmù ní dára ju méjèèjì lọ.

ÌKÀ NI ÌKÀ Ń JẸ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ohun kan: ìkà ni ìkà ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ òbí ló ṣe é. Àwọn bàbá wa ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹni tó ń fi ọ̀tún nà, tó tún ń fi òsì nà, kò sí nínú òwe yẹn.

Bukhari àti Muslim gba hàdíìsì kan wá nípa Aqra ọmọ Habis. Ó rí Ànábì tó ń fẹnu ko ọmọ-ọmọ rẹ̀, Hasan. Ló bá ní òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun ò sì fẹnu ko ọ̀kan nínú wọn rí. Ànábì wò ó, ó sì jẹ́ kó yé e pé ẹni tí kì í ṣàánú ẹlòmíràn, òun náà kò ní rí àánú gbà. Ànábì kò yìn ín pé ó le bí ọkùnrin.

Al-Kùránì Alápọ̀n-ọ́nlé náà, nínú Súrà 4, áyà 135, pàṣẹ pé ká dúró ti òdodo kódà bí ẹ̀rí wa bá máa kan òbí wa. Nítorí náà, ọmọ tó sọ pé "báyìí ni bàbá mi ṣe mí" kò ṣẹ Ọlọ́run. Àforíjì kò ní kó purọ́. Kò tilẹ̀ sí bí a ṣe lè forí ji èèyàn lórí ohun tí a ní kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ tún wo Súrà 42, áyà 40. Níbẹ̀, Ọlọ́run jẹ́ kó yé wa pé ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi ní ẹ̀tọ́ sí ìwọ̀n ohun tí wọ́n ṣe fún un, kò kàn gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ẹni tó bá mójú kúrò, tó sì tún nǹkan ṣe, ọwọ́ òun Ọlọ́run ni láádá rẹ̀ wà. Ẹ rí i pé Ó kọ́kọ́ gbà pé ibi ni ibi, kó tó ṣí ilẹ̀kùn àforíjì sílẹ̀.

ÀNÁBÌ IBRAHIM ÀTI BÀBÁ RẸ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé òun nìkan ni bàbá ṣe níkà láyé yìí, kó ṣí Súrà Mariyama, Súrà 19, láti áyà 42 dé 48. Abọ̀rìṣà ni bàbá Ànábì Ibrahim. Ọmọ lọ bá a, ó ń fi ohùn tútù bá a sọ̀rọ̀. Nínú áyà mẹ́rin tó tẹ̀ léra wọn, ìgbà mẹ́rin ló pè é ní bàbá òun. Kí ni bàbá fi dá a lóhùn? Ó ní bí kò bá ṣíwọ́, òun á sọ ọ́ lókùúta. Ó ní kó kúrò lójú òun fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ wá wo ohun mẹ́ta tí ọmọ ṣe. Èkíní, ó kí bàbá rẹ̀ ní kíkí àlàáfíà, kò bú u padà. Èkejì, ó ní òun á bá a tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Olúwa òun. Ẹ̀kẹta, èyí tí ọ̀pọ̀ oníwáàsí máa ń fò kọjá: ó ní òun á yẹra fún wọn. Ó sì kúrò níbẹ̀. Kò dúró kí òkúta wá bá òun.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa òní wà. Àforíjì àti yíyẹra lè jọ gbé inú ọkàn kan náà. Ẹni tó forí ji bàbá rẹ̀ kò gbà pé kí bàbá náà máa na òun lọ. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ẹjọ́ kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó gbé e fún Ọba tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

Súrà Lukumanu, Súrà 31, áyà 15, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bí òbí bá fẹ́ fi tipátipá mú ọmọ dá ẹbọ pọ̀ mọ́ Ọlọ́run, kí ọmọ má gbọ́, síbẹ̀ kó bá wọn gbé ayé pẹ̀lú dáadáa. Ẹ gbọ́ o: kó má gbọ́ tiwọn nínú ohun tí kò dára, kó sì máa ṣe dáadáa sí wọn. Ọlọ́run kò rí ìjà láàárín méjèèjì.

ÌTÀN KAN NÍLẸ̀ ÈKÓ WA NÍBÍ

Ẹnì kan lè ní, "Ànábì Ọlọ́run ni Ibrahim, èmi èèyàn lásán ni mí." Kò burú, ẹ jẹ́ ká wo ìdílé kan tí gbogbo wa mọ̀. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa gbé ayé rẹ̀ bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n bá wà, ó yẹ ká kọ́ ọ níbẹ̀.

Àwọn ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé ní Festac yìí, àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìjọba kọ́ wọn fún. Ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n ṣe àjọ̀dún náà. Olórin kan kọ̀, ó ní òun ò bá wọn ṣe é: Fela Kuti. Ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn tó parí, ọjọ́ 18 oṣù kejì, àwọn ṣọ́jà ya bo ilé Fela, wọ́n dáná sun ún, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Funmilayo, láti ojú fèrèsé òkè. Ìyá náà jáde láyé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni bí ìyá àti ọmọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé tí Carlos Moore kọ nípa ayé Fela, tó jáde lọ́dún 1982, Fela sọ ọ́ láìfi bò pé ẹgba ni bàbá àti ìyá òun fi tọ́ òun. Bàbá rẹ̀, Israel Oludotun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá àgbà Abẹ́òkúta Grammar School. Bàbá yẹn kú ní 1955, ó ku ìyá. Ìyá tó nà án yìí náà ló wà nílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ṣọ́jà dé. Nígbà tí ìyá sì kú, ọmọ gbé pósí lọ sí ẹnu ọ̀nà Dodan Barracks, níbi tí olórí ìjọba ń gbé, ní 1979. Ó tún wá kọ ọ́ lórin, ó pè é ní "Coffin for Head of State". Ọmọ tí wọ́n nà kò jẹ́ kí ikú ìyá rẹ̀ lọ lásán.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan ìran tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n ti Fela mọ́lé ní 1984, ọmọ rẹ̀, Femi, ló dúró níwájú ẹgbẹ́ olórin bàbá rẹ̀. Ní 1986, Femi kúrò, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Bàbá bínú, wọn ò sì bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n wọ́n padà rẹ́ kí Fela tó kú ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1997. Ní 2000, Femi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Yeni, ṣí New Afrika Shrine ní Ìkẹjà ní ìrántí bàbá wọn.

Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará wa. Femi kúrò lọ́dọ̀ bàbá, ó dúró láyè tirẹ̀, síbẹ̀ kò já okùn náà. Orin tí bàbá fi sílẹ̀ ló gbà pa dà sọ́dọ̀ bàbá. Bí àwọn tí kò bá wa kírun bá lè ṣe èyí, àwa tí à ń fi orí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́ ńkọ́?

ORIN TIWA

Àwa Mùsùlùmí náà ní orin tiwa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ ò ní gbàgbé àwọn ajísààrì. Àwọn ọ̀dọ́ á kó ara wọn jọ lóru Rámádáánì pẹ̀lú agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù, wọ́n á máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á máa jí aláàwẹ̀ sí sààrì. Wéré ni wọ́n ń pe orin náà. Nídìí wéré ni Sikiru Ayinde Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, tó sì kú ní 2010, ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré kó tó sọ ọ́ di Fújì. A tún ní wákà àwọn ìyá wa, a sì ní orin àsálátù àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè.

A mọ̀ pé àwọn onímímọ̀ kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ìlù àti ohun èlò orin, a ò sì fẹ́ fi ààwẹ̀ jiyàn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìlù, kó fi ẹnu lásán kọ ọ́. Orin tó ń pe èèyàn sí ẹ̀ṣẹ̀, gbogbo wa la gbà pé kò dára. Ṣùgbọ́n hàdíìsì Àíṣà ń bẹ nínú Bukhari: àwọn ọmọdébìnrin méjì ń kọrin nínú ilé Ànábì lọ́jọ́ Ọdún, Abubakar bá wọn wí, Ànábì sì ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ọjọ́ Ọdún ni.

Kí wá ni orin ń ṣe fún ọmọ tí òbí ṣe níkà? Àkọ́kọ́, ọ̀nà ọ̀fun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń dí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, kò lè jáde. Àwọn ìyá wa mọ èyí. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó. Á dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, á tú ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ jáde, á tọrọ àdúà. Ohun tí kò ní lè sọ lójúkojú, ó fi ohùn arò gbé e jáde, kò sì sẹ́ni tó máa ní ó rí òbí fín.

Èkejì, èèyàn kì í dá wéré kọ. Ẹnì kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é. Ẹni tó ti ń dá ẹrù rẹ̀ rù láti kékeré á gbọ́ lóru ọjọ́ kan pé àwọn mìíràn ń gbe òun.

Ẹ̀kẹta, òru ni orin sààrì. Ìdá kẹta ìgbẹ̀yìn òru ni hàdíìsì sọ fún wa pé Ọlọ́run ń béèrè ẹni tó ń tọrọ nǹkan, kí Òun lè fún un. Ẹni tí orin bá ti rọ ọkàn rẹ̀, omi ojú rẹ̀ á tètè dé bó bá forí kanlẹ̀.

OHUN TÍ A NÍ KÍ ARÁKÙNRIN WA ṢE

Kó kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ náà fún Ọlọ́run lóru, kó sì dárúkọ gbogbo rẹ̀: wáyà, ata, òru ọjọ́ òjò. Ọlọ́run mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kó tọ́jú bàbá rẹ̀. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dandan kí bàbá náà sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ bí ara rẹ̀ kò bá gbà á. Kó gba yàrá fún un nítòsí, kó wá ẹni tí yóò máa wẹ̀ ẹ́, tí yóò máa fún un lóúnjẹ. Kó máa san owó oògùn. Òbí tó ti darúgbó ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú, kò ní ẹ̀tọ́ láti tún fi ìyà jẹ ọmọ.

Kó máa lọ kí i. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni ara rẹ̀ lè gbà, kó lo ìṣẹ́jú márùn-ún. Súrà 17, áyà 23, kò fàyè gba kó pòṣé sí òbí lásán, ká má tíì sọ pé kó bú u. Bí inú bá ń ru ú, kó dìde, kó kí i pé ó dàárọ̀, kó máa lọ.

Kó má dúró de ìgbà tí bàbá á tọrọ gáfárà. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Bàbá lè ní òun ò rántí wáyà kankan. A ò ní kí ọmọ náà gbàgbé, ohun tí a ní ni pé kó má fi ìrántí náà gbẹ̀san. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá sì tíì gbà lónìí, kó máa tọrọ rẹ̀. Ọlọ́run kì í di ẹrù tó ju agbára ẹ̀dá lọ ru ẹ̀dá. Àforíjì mìíràn lè gba Rámádáánì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó dé.

Ẹ rántí pé nínú Rámádáánì ọdún kẹjọ Híjírà, ìyẹn 630, ni Ànábì wọ Mẹ́kà, tó sì forí ji àwọn tó lé e jáde. Ó lé ní ọdún méje tó fi wà ní Mẹ̀dínà kó tó dọjọ́ náà. Kò dúró sí abẹ́ ọwọ́ wọn kó tó forí jì wọ́n.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni pé kí wáyà náà parí sọ́dọ̀ rẹ̀. Kó má dé ara àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn láéláé. Ọmọ tó bá fi ẹnu forí ji bàbá rẹ̀, tó wá ń fi wáyà bàbá na ọmọ tirẹ̀, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà.

Ẹ̀YIN ARÁ ILÉ ÀTI Ẹ̀YIN ÒBÍ

Ọmọ tó ṣì wà lábẹ́ ẹgba lónìí kọ́ là ń bá sọ̀rọ̀ àforíjì o. Tirẹ̀ ni pé ká gbà á sílẹ̀. Ilé wa ní Festac fara kanra, à ń gbọ́ igbe ọmọ láti yàrá kejì, à ń ní ọ̀rọ̀ inú ilé wọn ni. Ànábì ní ká ran arákùnrin wa lọ́wọ́, yálà ó ń ṣe níkà tàbí wọ́n ń ṣe é níkà, àti pé ìrànlọ́wọ́ tí a lè ṣe fún oníkà ni ká dá a lọ́wọ́ kọ́. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Láti 2021 ni òfin ti fi ẹsẹ̀ àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé múlẹ̀. Ẹ lọ bá wọn. Ẹ sọ fún ìmáàmù, ẹ sọ fún olùkọ́ ọmọ náà. Kì í ṣe òfófó, ẹ̀rí òdodo ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró dìgbà tí àìsàn bá dá yín dùbúlẹ̀. Ànábì kìlọ̀ pé ẹni tó bá jẹ ẹlòmíràn ní gbèsè ìyà, kó yára tọrọ gáfárà lónìí, kó tó dọjọ́ tí owó kò ní wúlò, tí wọ́n á máa fi láádá san gbèsè. Ọmọ yín wà nínú ẹlòmíràn yẹn. Àgbà tó bá sọ pé "ọmọ mi, mo ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ, má bínú" kò kéré. Ẹ pè é ní oríkì tí ẹ fún un lọ́jọ́ tí ẹ bí i. Oríkì yẹn náà, orin ni.

Ẹ̀yin ará wa, à ń wá Òru Abìyì nínú àwọn ọjọ́ tó kù yìí. Nígbà tí Àíṣà béèrè ohun tí òun á sọ bí òun bá bá a pàdé, àdúà àforíjì ni Ànábì kọ́ ọ. Ẹni tó ń tọrọ àforíjì Ọlọ́run, kó wo inú ara rẹ̀ bóyá ó kù ẹnì kan tí òun náà lè forí jì.

Ọlọ́run, fi orí ji àwa àti àwọn òbí wa, àwọn tó kẹ́ wa àti àwọn tó ṣe wá níkà. Tu gbogbo ọmọ tí wọ́n lù lára nínú. Gba gbogbo ọmọ tí wọ́n ń lù lọ́wọ́ báyìí sílẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ tiwa di ọwọ́ ìkà sí ọmọ tiwa. Àmín.